Ẹni Tí Gúnrégé Rán Kóòtù Fún

Gúnrégé ni gbogbo àdúgbò ń pe télọ̀ náà. Ó ti ń jẹ́ orúkọ yìí pẹ́ débi pé bí ẹnì kan bá fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pè é lójú títì, yóò kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Kóòtù ló ń rán. Kì í rán aṣọ ọmọdé, kì í rán kọ́tìnnì, kì í sì í bá èèyàn lẹ ṣòkòtò tó ya nídìí. Kóòtù àti ṣòkòtò rẹ̀, ó parí. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣègbéyàwó, ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́ ní báńkì, ẹni tó ń lọ jẹ́jọ́ tí kò fẹ́ kí adájọ́ fi ojú ọ̀daràn wo òun, gbogbo wọn ló ń gun àtẹ̀gùn lọ bá a ní yàrá òkè tó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù.

Bó bá fẹ́ wọ̀n ọ́, yóò ní kí o dúró sáàárín yàrá, kí o kọjú sí fèrèsé. "Dúró bí onílé," ni yóò wí, "má dúró bí ayálégbé." Yóò yí ọ ká bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò, yóò di ojú kan, yóò la èkejì, ẹ̀yìn ìgbà náà ni yóò tó fa téèpù yọ lọ́rùn. Kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Orí rẹ̀ ni àpótí rẹ̀, ohun tó bá sì ti wọ ibẹ̀ kì í jáde mọ́. Ọkùnrin kan ti fi ìlú sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà wá, Gúnrégé wò ó láti orí àtẹ̀gùn, ó ní, "Ìwọ yìí, ikùn rẹ ti ṣíwájú rẹ dé, ṣùgbọ́n èjìká rẹ ṣì wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá àtẹ̀gùn mú.

Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí, ọmọbìnrin. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Lọ́yà, nítorí pé kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìjà á níyàn. Bí o bá ní kó lọ sùn, yóò bi ọ́ pé òfin wo ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá ní òun yóò nà án, yóò ní kí ìyá kọ́kọ́ pe ẹlẹ́rìí. Lọ́jọ́ kan tó jókòó sábẹ́ tábìlì tí bàbá rẹ̀ fi ń gé aṣọ, tó ń ṣa bọ́tìnnì tó já bọ́, ó ní lọ́yà tòótọ́ ni òun máa ṣe tóun bá dàgbà. Bàbá rẹ̀ ní, "Ọjọ́ tí o bá fẹ́ búra, sísọ́ọ̀sì ẹlòmíràn kò ní kan kóòtù tí o máa wọ̀." Ọmọ náà yọ jáde lábẹ́ tábìlì, ó na ọwọ́. "Ẹ bọ̀ mí lọ́wọ́ sí i." Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ bí àgbà méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pín ilẹ̀ tán.

Ohun tójú ń wá lojú ń rí, wọ́n ní, àmọ́ ojú ò wá gbogbo ohun tó ń rí. Lọ́yà ti wà nílé ẹ̀kọ́ òfin nígbà tí ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ wálé takìtì. Àwọn yòókù fi ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ bọ́ níbẹ̀. Òun, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ló kán. Orí àga onítáyà ló bá wálé láti ilé ìwòsàn. Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, bí omi gbígbóná ló kàn án tàbí omi tútù, kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Ìyá rẹ̀ sunkún, ó nu ojú, ó kó àwọn àga pálọ̀ kúrò lọ́nà kí táyà lè ráyè kọjá. Wọ́n ṣáà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Gúnrégé ní tirẹ̀ kò sunkún, bóyá ìyẹn ni kò fi ríran. Ohun kan náà ló ń wí: "Yóò dìde." Ìyàwó rẹ̀ ní kó gbé ṣọ́ọ̀bù wá sísàlẹ̀, kí ọmọ lè máa wọlé bá a níbi iṣẹ́ bíi ti àtijọ́. Ó ní, "Sísàlẹ̀ ṣe kí ni? Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi gun àtẹ̀gùn yìí." Lọ́yà wà nítòsí, ó gbọ́. Ó padà sílé ẹ̀kọ́ lórí àga rẹ̀, ó bá wọn jà nítorí ẹnu ọ̀nà tó fún jù, ó bá wọn jà nítorí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò ṣeé wọ̀, ó kàwé rẹ̀ parí, ó yege. Bàbá rẹ̀ kò tíì dẹ́kun wíwí pé yóò dìde.

Ó wá ku kó búra. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni búra, àwọn àgbà agbẹjọ́rò ní láti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, iṣẹ́ àtàárọ̀ dalẹ́ sì ni. Dandan ni kóòtù dúdú lọ́jọ́ náà, dandan sì ni lọ́jọ́ ìbúra tó tẹ̀ lé e. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, Lọ́yà yí àga rẹ̀ dé iwájú bàbá rẹ̀ ní pálọ̀.

"Bàbá, ẹ mú téèpù wá. Ẹ wọ̀n mí."

"Kí n wọn ta? Ìwọ? Ṣé mo gbọ́dọ̀ wọn ìka ọwọ́ mi kí n tó fi jẹun ni?"

"Ara mi ti yàtọ̀, Bàbá. Ẹni tó ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, aṣọ kì í bà lára rẹ̀ bó ṣe ń bà lára ẹni tó ń dúró."

"Ta ni kì í jókòó? Adájọ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé orí ìdúró ló ti ń dájọ́ ni?"

"Adájọ́ máa ń dìde lọ jẹun."

Ìyá rẹ̀ tó ń ká aṣọ lápá kan gbé ojú sókè. "Bàbá Lọ́yà, ẹ wọn ọmọ yìí, ẹ jọ̀ọ́. Téèpù lásán-làsàn, ẹ ń sá fún un bí ejò."

"Mo ti wọ̀n ọ́n," ni Gúnrégé wí. "Mo wọ̀n ọ́n kó tó lọ sílé ẹ̀kọ́ òfin. Ó dúró síwájú fèrèsé mi lókè bí ọ̀pá àsíá. Mi ò tíì gbàgbé nǹkan kan níbẹ̀."

Kì í ṣe agídí nìkan. Lójú Gúnrégé, ènìyàn lè parọ́, dígí lè parọ́, ṣùgbọ́n téèpù kì í parọ́. Ohun tó bá ti wọ̀n, ó ti jóòótọ́ nìyẹn. Bó bá kúnlẹ̀ wọn ọmọ rẹ̀ lórí àga onítáyà, a jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí i pé orí àga ni ọmọ náà máa wà. Bó bá sì rán kóòtù ẹni tó ń dúró, bóyá ẹsẹ̀ yóò rí kóòtù, tí yóò tẹ̀ lé e. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọmọ.

Ó ra aṣọ dúdú tó dára jù tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Ìwọ̀n tó wà nínú orí rẹ̀ ló fi gé e, ìwọ̀n ọmọ tó dúró bí ọ̀pá àsíá. Kóòtù náà gùn dé ìbàdí, ó fún ní ikùn, ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn bí omi. Nígbà tó dé ìdí ṣòkòtò, ó ṣe ohun tí kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Àrántúnrán ló ń pè é: yóò ká etí aṣọ méjèèjì sínú ara wọn, yóò rán an, yóò tún un ká, yóò tún un rán, títí ojú rírán náà yóò fi le bí okùn. Ó máa ń fọ́nnu pé ṣòkòtò tí òun bá ṣe àrántúnrán sí nídìí, ọmọ ọmọ ẹni tó ni ín ni yóò jogún rẹ̀. Ó sì lẹ àpò méjì mọ́ ọn lẹ́yìn, ó fi bọ́tìnnì dè wọ́n. Nígbà tó parí, ó lọ aṣọ náà ní áyọ́ọ̀nù, ó fi han ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Kò lè ya láéláé."

Lọ́yà wọ̀ ọ́. Ìyá rẹ̀ ló bá a fà á sókè lórí ibùsùn, iṣẹ́ àṣelàágùn sì ni. Nígbà tó jókòó sínú àga rẹ̀ tán, gbogbo iwájú kóòtù tó gún régé náà ká jọ sórí itan rẹ̀ bí ìrọ̀rí. Kọ́là rẹ̀ ga lẹ́yìn, ó ń lé etí rẹ̀ kiri. Ṣòkòtò fà sílẹ̀ lẹ́yìn, ó ga nísàlẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì wà níta gbangba. Bàbá rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọdé tó gbé iṣẹ́ ilé wá fún olùkọ́.

Lọ́yà, ẹni tí kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìjà á níyàn, wo ojú náà fún ìgbà díẹ̀.

"Ó dára, Bàbá," ló wí.

Ó wọ̀ ọ́ lọ, ó sì jókòó nínú rẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀. Wọ́n bi í léèrè, ó dáhùn. Wọ́n bi òmíràn, ó dáhùn. Ó ṣe dáadáa débi pé ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà dìde bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Gbogbo àkókò yẹn, ojú rírán tó le bí okùn wà lábẹ́ rẹ̀, bọ́tìnnì àpò méjèèjì wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì mọ̀. Ẹni tó ń mọ nǹkan lára á sún díẹ̀, á fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó, á dìde na ara. Lára tirẹ̀, kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn láti sọ pé iná ń jó.

Ìyá rẹ̀ ló rí i nígbà tó ń bá a wẹ̀: ìlà pupa kan gbọọrọ, ihò kékeré ní apá ọ̀tún, ihò kékeré ní apá òsì. Wọ́n fi òróró pa á. Ìlà di dúdú, dúdú di egbò, egbò náà sì jìn sínú ju bó ṣe rí lójú lọ. Nígbà tí ibà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì ní kó dojú bolẹ̀, kó má fi ẹ̀yìn kan ibùsùn mọ́ títí dìgbà tí àwọn bá sọ.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní kí wọ́n gbé aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà wá, kí òun lè rí ohun tó gé e. Ó gbé ṣòkòtò náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀.

"Háà! Ta ló rán èyí? Ṣé èèyàn ló rán an fún ni, àbí ọkọ̀ ojú omi ló fẹ́ fi so mọ́lẹ̀? Ẹni tí kò mọ ohun tó ń gún un, ẹ wá lọ fi okùn tẹ́ ìdí fún un!"

Gúnrégé fẹ̀yìn ti ògiri. Ìyàwó rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ohùn Lọ́yà jáde láti inú ìrọ̀rí tó dojú bò.

"Télọ̀ kan ni, Mà."

Télọ̀ kan. Bóyá ńṣe ló ń bo bàbá rẹ̀ láṣìírí ni o, bóyá ńṣe ló ń kọ̀ ọ́ lọ́mọ ni o, Gúnrégé kò mọ̀, kò sì lè bi í. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ó fi ata sẹ́nu. Ó ti ń pa òwe yìí mọ́ àwọn ẹlòmíràn láti ọjọ́ pípẹ́. Ọjọ́ yẹn ló tó mọ̀ pé ẹni tó fi ẹ̀gún sọ́wọ́ náà lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀yìn yẹn jù láyé.

Ọjọ́ ìbúra bá Lọ́yà níbi tó dojú bolẹ̀ sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, gbogbo wọn nínú aṣọ dúdú, eyín gbogbo wọn níta. Ó wò ó, ó da fóònù náà dé. Àwọn àgbà agbẹjọ́rò ní kò burú, kó máa bá àwọn tọdún tó ń bọ̀ búra. Ìyẹn ni pé àyè ṣì wà. Gúnrégé gbá àyè yẹn mú bí ẹni tó ń rì ṣe ń gbá koríko mú: bí òun kò bá tíì pàdánù ọjọ́ náà, òun ṣì lè rán kóòtù rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní ìkòríta nísàlẹ̀ ilé rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Bàtà. Bàtà ló ń tún ṣe. Láti èwe ni àìsàn ti rọ ẹsẹ̀ rẹ̀, orí àga onítáyà ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé òun lòún mọ bàtà í tọ́jú jù láyé: èyí tó wà lẹ́sẹ̀ òun kò gbó rí. Gúnrégé lọ bá a níbẹ̀.

"Ọ̀gá Bàtà, mo fẹ́ rán kóòtù fún ọ."

Ọ̀gá Bàtà fi òòlù sílẹ̀. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Kí wá ni mo ṣe fún ọ? Láti ọjọ́ tí o ti ń gba iwájú mi kọjá, bàtà ọwọ́ mi lo máa ń wò. Òní lo wá rí i pé mo ní èjìká?"

"Má bínú sí mi."

"Inú ò bí mi. Mo kàn ń jẹ ẹ́ lẹ́nu díẹ̀ kí n tó gbé e mì ni." Ó wo télọ̀ náà dáadáa, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Mo gbọ́ nípa ọmọ rẹ. Wá. Wọ kóòtù rẹ, de bọ́tìnnì rẹ̀ tán." Ó fi agbára apá gbé ara rẹ̀ kúrò lórí àga, ó bọ́ sórí bẹ́ǹṣì. "Jókòó síbí. Má dìde àfi tí mo bá ní kí o dìde. Bí nǹkan bá ń gún ọ nídìí, má sún. Èmi máa ń mọ̀ ọ́n lára, mo dẹ̀ lè sún. Ọmọ tìrẹ kò mọ̀ ọ́n."

Gúnrégé jókòó sínú àga onítáyà náà. Àwọn tó ń kọjá ń kí i tìyanu-tìyanu, wọ́n ń bi í pé kí ló ṣe é lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá Bàtà ń dá wọn lóhùn pé àwọn ṣe pàṣípààrọ̀ ni, pé òun ló máa gun àtẹ̀gùn lọ gé aṣọ láti ìsinsìnyí lọ. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu Gúnrégé. Kóòtù rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, gun ikùn rẹ̀ lẹ́ṣin. Nígbà tó na ọwọ́ yí táyà, ẹ̀yìn rẹ̀ fà bíi pé ó fẹ́ ya, etí ọwọ́ kóòtù sì lọ nu ẹrẹ̀ ara táyà. Ẹ̀yìn ṣòkòtò sá sílẹ̀, atẹ́gùn fẹ́ sí i ní ìbàdí. Àti nísàlẹ̀ pátápátá, àrántúnrán. Ó kọ́kọ́ dà bí ìlà lásán. Lẹ́yìn náà ó dà bí ìka ẹnì kan. Lẹ́yìn náà ó dà bí ọ̀bẹ. Kò sún. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń wo ọ̀kánkán.

"Dìde," ni Ọ̀gá Bàtà wí. "Ó tó. Mo ní ó tó, dìde."

Ó gbé ṣọ́ọ̀bù wá sísàlẹ̀. Ẹ̀rọ, tábìlì, áyọ́ọ̀nù, gbogbo rẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ ìdí rẹ̀. Ó tú gbogbo ohun tó mọ̀ palẹ̀, ó tún un tò bí ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó gé iwájú kóòtù kúrú kó lè parí sórí itan láìká jọ. Ó tún gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú kí ẹni tó wọ̀ ọ́ má bàa jókòó lé e. Ó fi ìṣẹ́po pamọ́ sí ẹ̀yìn èjìká méjèèjì, èyí tí yóò là nígbà tí ọwọ́ bá ń yí táyà, tí yóò sì padà pa dé bí ọwọ́ bá sinmi. Ó gbé ẹ̀yìn ṣòkòtò sókè, ó rẹ iwájú rẹ̀ sílẹ̀, ó fi kún gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi síìpù sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti ìbàdí dé orúnkún, kí èèyàn lè wọ̀ ọ́ lórí ìdùbúlẹ̀ láìlàágùn. Kò sí àpò lẹ́yìn. Ní ti ìdí, odindi aṣọ kan ló tẹ́ síbẹ̀, láti itan kan dé èkejì, láìsí ojú rírán kankan nísàlẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á títí, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú oúnjẹ ọmọ.

Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Bàtà wọ tirẹ̀, ó yí àga rẹ̀ lọ, ó yí i bọ̀, ó ń wo bí èjìká rẹ̀ ṣe ń là tó sì ń pa dé. Lẹ́yìn náà ló ké sí obìnrin tó ń kọjá pé, "Ìyáàfin, ẹ bá mi wá awakọ̀ mi, mi ò mọ ibi tó gbé mọ́tò mi sí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó di Gúnrégé lọ́wọ́ mú. "Ọ̀rẹ́, tètè lọ bá ọmọ rẹ."

Lọ́yà ti wà nílé nígbà yẹn. Egbò ti jinná, ó fi àpá sílẹ̀. Ó ń kàwé lẹ́bàá fèrèsé nígbà tí bàbá rẹ̀ wọlé, téèpù lọ́rùn. Ó kúnlẹ̀ síwájú àga ọmọ rẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì dún kọ́kọ́.

"Bàbá! Kí lẹ ń ṣe nílẹ̀? Ẹ dìde."

"Ibí ni wọ́n ti ń wọn ẹni tó jókòó," ni Gúnrégé wí. "Bí mo bá dúró, téèpù ò ní dé ibi tó yẹ. Mo ti kọ́ ọ."

"Mo mọ̀. Mo rí kóòtù Ọ̀gá Bàtà ní ìkòríta." Ó pa ìwé náà dé. "Ó dára gan-an. Ẹ ò rán irú ẹ̀ rí."

"Tìrẹ máa dára jù ú lọ."

Lọ́yà wo téèpù, ó wo irun funfun orí bàbá rẹ̀, tí kì í sábà rí láti òkè.

"Mo ti gbé tèmi fún ẹlòmíràn, Bàbá."

Ọwọ́ Gúnrégé dúró lórí téèpù.

"Ọmọbìnrin kan tó ń ránṣọ lẹ́bàá ilé ìwòsàn. Ó máa ń wá kí aláìsàn kan tí ibùsùn rẹ̀ kan tèmi. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí mi, kò bi mí pé kí ló ṣe mí. Ó ní, 'Báwo lẹ ṣe máa ń jókòó? Ibo ló máa ń nira fún yín?' Ibẹ̀ ló ti wọ̀n mí, lórí ìdojúbolẹ̀, ó ní òun á tún un wọ̀n tí mo bá jókòó."

"Nítorí egbò ni. Mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ni…"

"Egbò ti jinná. Kì í ṣe egbò." Ohùn rẹ̀ kò le, ìyẹn ló sì burú níbẹ̀, ìbá le, bàbá rẹ̀ ìbá mọ bí yóò ṣe bẹ̀ ẹ́. "Bàbá, kóòtù tí ẹ rán yẹn, èmi kọ́ lẹ rán an fún. Ọmọ yín kan tó ń dúró lẹ rán an fún. Èmi kàn yá a wọ̀ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti dé láti ilé ìwòsàn, bí ẹ bá wò mí, ẹ̀yìn mi lẹ máa ń wò, bíi pé ọmọ tó ń dúró yẹn ló ń bọ̀ lẹ́yìn, pé kí n sún kó ráyè wọlé. Mo dẹ̀ ń retí pé lọ́jọ́ kan ẹ máa rí mi."

"Mo ti rí ọ báyìí."

"Mo mọ̀. Ẹlòmíràn ti kọ́kọ́ rí mi."

"A bọ ara wa lọ́wọ́," ni Gúnrégé wí. Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé. "Nídìí tábìlì. O rántí."

"Mo rántí. Ìdí tí mo fi wá bá yín nìyẹn, tí mo ní kí ẹ mú téèpù wá. Ẹ kọ̀."

Bí ẹjọ́ ṣe parí nìyẹn, kò sì sí ibi tí wọ́n ń gbé irú rẹ̀ lọ fún kòtẹ́milọ́rùn. Lọ́yà bẹ̀rẹ̀, ó yọ téèpù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó ká a, ó fi í sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ẹ wá lọ́jọ́ náà. Bàbá mi ni mo fẹ́ kó wá, kì í ṣe télọ̀. Ẹ má mú nǹkan kan dání." Ìyá rẹ̀ tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wá di ọkọ rẹ̀ lápá mú, ó gbé e dìde.

Wọ́n ṣe ìbúra náà nínú gbọ̀ngàn kan tí òrùlé rẹ̀ ga. Nígbà tí wọ́n pe Lọ́yà, ó yí àga rẹ̀ jáde láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ojú Gúnrégé kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó sáré. Iwájú kóòtù parí sórí itan, kò ká jọ. Èjìká là, èjìká pa dé. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò bo ọrùn ẹsẹ̀ ní kíkún. Iṣẹ́ dáadáa ni. Kìkì kọ́là ló ní àbùkù: ó ga díẹ̀ lẹ́yìn ọrùn, ohun tí àtàǹpàkò kan lè tẹ̀ wálẹ̀. Ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó ń búra, ketekete, láìwárìrì. Ìyàwó rẹ̀ ń sunkún ayọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun náà ń sunkún. Àwọn tó wò wọ́n rò pé irú ẹkún kan náà ni.

Níta gbọ̀ngàn, oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ kan rí wọn, ó sì ké tantan. "Gúnrégé! Àṣé ọmọ rẹ nìyí! Ibi tí mo jókòó sí lẹ́yìn ni mo ti sọ fún ìyàwó mi pé, kóòtù yìí, ọwọ́ Gúnrégé ni! Ta ló tún lè rán irú èyí?"

Lọ́yà yí ojú wá wo bàbá rẹ̀.

"Ọwọ́ mi kọ́," ni Gúnrégé wí. "Ọmọbìnrin kan ló rán an. Ó mọṣẹ́. Ó mọṣẹ́ jù mí lọ."

Láti ọjọ́ tó ti ń fi abẹ́rẹ́ jẹun, kò yin télọ̀ mìíràn rí. Oníbàárà náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń ṣàwàdà ni, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ayàwòrán dé, ó to àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Lọ́yà láàárín, ìyá lápá kan, bàbá lápá kejì. Ó wo inú kámẹ́rà, ó gbé orí kúrò níbẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn tẹ kọ́là yẹn wálẹ̀ díẹ̀."

Ọwọ́ Gúnrégé ti dé ibẹ̀ tán. Ìka rẹ̀ ti fẹ́ kan aṣọ náà.

"Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá," ni Lọ́yà wí wẹ́rẹ́, láìyíjú padà. "Bó ṣe wà yẹn ti tẹ́ mi lọ́rùn."

Ó fa ọwọ́ náà padà. Ó gbé e sẹ́yìn, ó dà bí ẹni tí wọ́n dè. Ó gbé e síwájú, ó dà bí ẹni tó ń tọrọ. Ayàwòrán ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́yà rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Gúnrégé ṣì ń wá ibi tí yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ sí nígbà tí iná kámẹ́rà bù yẹ̀rì.